Aró Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Pa

Ẹ gbé àpò aṣọ yẹn kúrò níwájú mi. Ẹ ò sì gbọdọ̀ dáná sun ún nínú àgbàlá yìí mọ́. Èyí tí ẹ sun lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí ike jíjóná ló ń rùn. Òórùn rẹ̀ wọ inú ọbẹ̀ tí mo gbé kaná, n ò lè jẹ ẹ́. Mo dà á fún adìẹ, adìẹ náà kò jẹ ẹ́. Aṣọ wo ló ń yọ́ bí àbẹ́là bí iná bá kàn án? Ẹ wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ní ó ti ṣá, ẹ tún ti lọ ra òmíràn. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Wọn ò mọ̀ pé ayé kan ń bọ̀ tí ọmọ ogún ọdún yóò ní àkísà ju ìyá tó bí ìyá rẹ̀ lọ. Ó ń rí mi lára. Ẹ jókòó kí n sọ ìdí tí n kò fi lè wo irú rẹ̀ kí n dákẹ́, nítorí èmi náà ti fi ìkánjú ṣe nǹkan rí, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa ohun tí n kò lè jí padà.

Ará ìlú Awo ni mí. Nígbà tí mo wọlé ọkọ ní Ẹdẹ yìí, ìró odó ló máa ń jí wa. Kì í ṣe odó iyán o. Ewé ẹ̀lú ni wọ́n ń gún, obìnrin mẹ́ta sí ìdí odó kan, gbì, gbì, gbì, kí oòrùn tó yọ. Bí ìyẹn bá dákẹ́, àwọn tó ń fi olù igi lu aṣọ á gbà á, kó, kó, kó, títí aṣọ aró náà yóò fi máa dán bíi pé wọ́n fi epo pa á. Ẹ lọ dúró sí àdúgbò yẹn lónìí, kí lẹ máa gbọ́? Jẹnẹrétọ̀, ọ̀kadà, àti ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí.

Ìyá ọkọ mi ló ni ibi tí wọ́n ti ń rẹ aró náà. Ìyá wa ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Olórìṣà ni wọ́n. Ọkọ mi, ọmọ wọn, tíṣà ni, onítẹ̀bọmi sì ni àwa méjèèjì. Bí Ìyá wa bá fẹ́ fi obì bọ Ìyá Mapó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, èmi á yíjú sẹ́yìn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìyàwó, má wo ibí, ṣùgbọ́n má gbàgbé láti pọn omi wá." Ìjà ẹ̀sìn ò sí láàárín wa rárá. Iṣẹ́ ló so wá pọ̀.

Iṣẹ́ náà sì rí báyìí. Ewé ẹ̀lú ń ti oko ọ̀nà Ara wá. A ó gún un tútù títí yóò fi dúdú, a ó mọ ọ́n róbótó, a ó sá a sóòrùn. Èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ dà nù, èèpo ẹ̀gẹ́, igi tó ti jẹrà, gbogbo rẹ̀ la máa ń sun di eérú. Eérú á wọ inú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, a ó da omi lé e, omi eérú á máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán. Omi yẹn àti ẹ̀lú ni yóò jọ gbé pọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí aró tó jí. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kù nídìí ìkòkò, a ó tún pò ó mọ́ eérú, a ó tún sun ún, a ó tún lò ó. Kí la wá ń dà nù? Mo ti ronú sí i títí, n kò rí ohun kan tí à ń dà nù tí ilẹ̀ kò lè jẹ kó dà á.

Ìkòkò mẹ́fà ló wà lágbàlá, ṣùgbọ́n ọ̀kan ni àgbà wọn. Aró inú rẹ̀ kò gbẹ rí láti ìgbà ìyá Ìyá wa. Bí a bá ti ń lò ó la ń bọ́ ọ, bí ó bá sì rẹ̀ ẹ́, a ó jẹ́ kó sinmi. Nínú àṣẹ́kù rẹ̀ la ti ń bu sí àwọn ìkòkò yòókù láti fi jí wọn. Láràárọ̀, Ìyá wa á ṣí i, wọ́n á gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á fi kan ahọ́n. Wọ́n á ní, "Ebi ń pa á," tàbí "Ó ti yó, ẹ má fi aṣọ púpọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu lónìí." Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Èmi tí mo ti ka ìwé mẹ́fà.

Mo rántí bí àwọn eléégún ṣe máa ń wá sọ́dọ̀ wọn bí ọdún bá ku oṣù kan. Aṣọ eégún kì í di èyí tí wọ́n ń jù nù. Èyí tó bá gbó, wọ́n á fi tuntun lé e lórí, tuntun náà á gbó, wọ́n á tún fi òmíràn lé e. Aṣọ tí bàbá bàbá wọn dá ṣì ń bẹ nínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo aṣọ ṣe rí nígbà náà, ó kàn jẹ́ pé ti eégún lẹ ń fojú rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ayé yí. Àwọn sójà ló ń ṣe ìjọba, wọ́n ní ká fún ìgbànú mọ́ra, àwọn fúnra wọn sì ń tú tiwọn. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé wọn, dé, gbogbo nǹkan gbówó lórí. Láàsì di ohun tí à ń fi ojú wò lásán. Àǹkàrá pàápàá, ẹni tó bá rà á, aládùúgbò á wá bá a yọ̀. Owó iṣẹ́ tíṣà ò lè ra ọṣẹ fún oṣù kan. Bí àwọn ènìyàn ṣe rántí Ìyá wa nìyẹn. Wọ́n kó aṣọ tó ti ṣá jáde nínú àpótí, wọ́n ní, "Ẹ bá wa jí i." Búlúù líle la máa ń fi jí i, ẹni tó ni ín á wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ, wọn á bi í pé níbo ló ti rà á.

Èmi ni mo ronú kan àpò fúláwà. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa, àpò òwú funfun ni fúláwà ń bá wọlé, wọ́n sì máa ń fi àpò náà nu ilẹ̀ ni. Mo lọ tọrọ rẹ̀. Mo fi omi eérú sè é lẹ́ẹ̀mẹta kí lẹ́tà ara rẹ̀ lè ṣí, mo fi okùn ìko so ó káàkiri kí aró má baà dé ibẹ̀, mo rì í sínú ìkòkò àgbà. Nígbà tí mo tú u, Ìyá wa wò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ìyàwó, o ti fi ìdọ̀tí ilé ẹlòmíràn ṣe ọ̀ṣọ́." Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò sùn bọ̀rọ̀. Láìpẹ́ ọjọ́, ọmọ iléèwé, ìyàwó ilé, alágbẹ̀dẹ, gbogbo wọn ló ń wọ àpò fúláwà tí ẹnikẹ́ni ò sì mọ̀.

Àfi ọjọ́ tí ọ̀kan tú. Díákónì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí n ṣe ṣòkòtò fún àwọn. Mo kánjú, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sè é. Lọ́jọ́ Ìsinmi, bí wọ́n ṣe kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, tí oòrùn ojú fèrèsé sì tàn sí wọn lẹ́yìn, lẹ́tà pupa yọ gbàgàdà lórí ìdí wọn, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwọ̀n fúláwà. Àwọn akọrin ò lè parí orin. Díákónì náà bá mi lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ní, "Ìyàwó tíṣà, ṣé mo wúwo tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ìkìlọ̀ ni fún mi pé kí n yé kánjú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo fi ṣe.

Òkìkí iṣẹ́ yìí ló gbé agbaṣẹ́ṣe kan wá. Píjò funfun ló gùn, ìgò òórùn dídùn ló dà sára. Ó bá wa nídìí ìkòkò, kò jókòó sórí àpótí tí a gbé fún un, ó ń wò ó bíi pé yóò bu òun jẹ. Ó ní, "Màmá, ìjọba ti gbọ́ nípa yín. Ìpàtẹ ńlá kan ń bọ̀ ní olú-ìlú, pé ká máa wọ ohun tí a ṣe nílé. Ìyàwó ọ̀gá sójà kan ló máa ṣí i. Wọ́n fẹ́ igba yáàdì aṣọ aró láàárín ọjọ́ mẹ́wàá."

Ìyá wa ní, "Ọmọ mi, ẹ̀lú ò mọ ọ̀gá sójà. Ìgbà tó bá jí ló jí."

Ó ní, "Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé èyí dání." Ó ṣí búùtù ọkọ̀, ó gbé gorodóòmù kékeré méjì sọ̀kalẹ̀. Ìyẹ̀fun búlúù wà nínú ọ̀kan, sódà tó ń jó ẹran ara wà nínú èkejì.

Ìyá wa tẹ̀ síwájú, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn. "Kí ló ń jẹ bí ebi bá ń pa á?"

"Kẹ́míkà ni, Màmá. Kì í jẹun."

"Ohun tí kì í jẹun," ni Ìyá wa wí, "báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun ti yó?" Wọ́n wọlé lọ.

Èmi ò wọlé. Mo dúró. N kò ní purọ́ fún yín, ojú ń kán mi. Mo ti fojú inú rí ara mi ní olú-ìlú, tí wọ́n ń nawọ́ sí mi pé obìnrin tó gbọ́n nìyẹn. Èmi àti Ìyá Délé, aládùúgbò wa tá a jọ ń rẹ aṣọ, la gba iṣẹ́ náà. Agbaṣẹ́ṣe ní ìbọ̀wọ́ wà nínú ẹrù tó kù. Ẹrù tó kù kò dé títí di òní.

Nígbà tó di ọjọ́ keje, a ò tí ì ṣe ìdajì. Aṣọ tí ìyẹ̀fun yẹn rẹ̀ rí bí yíǹkì tó dà sórí ìwé, kò ní ìjìnlẹ̀ kankan. Ìyá wa ti lọ sí oko ọ̀nà Ara lọ já ẹ̀lú. Mo wo ìkòkò àgbà. Mo rò ó pé bí mo bá fi sódà díẹ̀ ta á jí, tí mo fi ìyẹ̀fun kún un, yóò ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ní wákàtí kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo mọ òwe náà dáadáa, mo sì máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ mi. Mo bu sódà, mo dà á sí i.

Ó hó. Ara ìkòkò gbóná tí n kò lè fọwọ́ kàn án. Ìfófòó orí rẹ̀ tó máa ń ní àwọ̀ bàbà di eléèérí, òórùn kan sì jáde níbẹ̀ bí ẹyin tó ti jẹrà, tí mo fi di ògiri mú. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi inú ìkòkò náà ti di àwọ̀ ẹrẹ̀. Mo ti aṣọ bọ̀ ọ́, bó ṣe wọlé ló ṣe jáde. A padà sórí ìyẹ̀fun agbaṣẹ́ṣe, à ń gbọ́n omi rẹ̀ sínú odò kékeré ẹ̀yìn ilé, èyí tó ń ṣàn lọ bá Ọ̀ṣun. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn, awọ àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Délé bó bí èèpo tòmátì tí wọ́n fi omi gbígbóná bọ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ léfòó lójú odò, ikùn wọn kọjú sókè. Àwọn tó rẹ ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ kó o dànù.

Sátidé ìmọ́tótó bọ́ sáàárín. Àwọn sójà dé àdúgbò, wọ́n na bàbá arúgbó kan ní kòbókò nítorí ewé tó jábọ́ sí gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn rí odò búlúù lẹ́yìn ilé wa, ó bi wá pé kí nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe tó wá wo iṣẹ́ ní, "Iṣẹ́ ìjọba ni." Sójà náà kan sáárá sí i ni, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìyá wa ti oko dé pẹ̀lú ẹrù ẹ̀lú lórí. Wọ́n ò tí ì sọ ọ́ kalẹ̀ tí wọ́n fi dúró sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Wọ́n ti gbóòórùn. Wọ́n lọ tààrà sídìí ìkòkò àgbà, wọ́n ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n fi kan ahọ́n, wọ́n tu ú jáde.

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Kí lo fún un?"

"Sódà ni, Ìyá."

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo ń retí èébú, mo tiẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní, "Ìyá mi fi í lé mi lọ́wọ́ láàyè." Ó tán.

A kó aṣọ lọ sí olú-ìlú. Mo ti ní kò ṣe é fi sílẹ̀ mọ́, bí a ti ba ohun tó tóbi jẹ́, kí a kúkú rí èrè rẹ̀. Wọ́n ta aṣọ wa mọ́ àtíbàbà, wọ́n fi bo àga àwọn ọlọ́lá. Ìyàwó ọ̀gá sójà yẹn wọ láàsì tó ń kọ mànà, èyí tí ọkọ̀ òfuurufú gbé wá, ó sì fi wákàtí kan gbáko sọ fún wa pé ká jáwọ́ nínú aṣọ òkè òkun. Ooru mú. Àwọn ọlọ́lá làágùn. Nígbà tí wọ́n dìde, búlúù ti yí gbogbo ìdí láàsì. Obìnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó yínmú, ó ní kí wọ́n kó ìdọ̀tí yẹn kúrò.

Ibi ìgbọ́kọ̀sí ni mo ti tún rí aṣọ wa. Dírẹ́bà kan ń fi nu ẹrẹ̀ lára táyà. Mo ní, "Ọmọ mi, aṣọ tí a ṣe nìyẹn." Kò wo ojú mi. Ó ní, "Màmá, wọ́n ní ká dà á nù. Ó ń yí èèyàn lára." Ó sì tọ̀nà. Ó ń yí èèyàn lára lóòótọ́. Mo wo aṣọ náà nínú ẹrẹ̀, ó rí mi lára, ara mi sì rí mi lára jù ú lọ.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá wa bó ṣe rí. Wọ́n bi mí pé, "Ìyẹ̀fun yẹn kù?" Mo ní ó kù ìdajì, agbaṣẹ́ṣe kò padà wá mọ́. Wọ́n ní, "Má jẹ́ kó débi omi." Èmi àti ọkọ mi wa kòtò jíjìn sí orí òkè, níbi tí àgbàrá ò dé, a fi amọ̀ tẹ́ inú rẹ̀, a da ìyẹ̀fun, sódà àti òkú aró náà sí i, a tún fi amọ̀ bò ó. Kò sí ẹni tó gbin nǹkan síbẹ̀ títí di òní.

Mo gbìyànjú láti jí aró tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Àwọn ìkòkò márùn-ún yòókù ti gbẹ nígbà tí a kọjú sí iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe, kò sí àṣẹ́kù tí a lè bù. Mo bá lọ sí Awo, ìlú mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin níwájú ìyá arúgbó kan tó ṣì ń rẹ aró, mo ní kí wọ́n fún mi ní ìkòkò kékeré kan. Ọkọ̀ kò gbà kí n gbé e wọlé nítorí òórùn rẹ̀. Mo rù ú, mo fẹsẹ̀ rìn ín láti Awo dé Ẹdẹ. Mo ń bá a sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, èmi onítẹ̀bọmi, pé jọ̀ọ́ má kú.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Ìyá wa fi ìka kan ahọ́n. Wọn ò tí ì bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ láti ọjọ́ tí aró àgbà ti kú. Wọ́n ní, "Ó ń mí." Wọ́n ní kí n lọ kó aṣọ wá. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ìyá wa kú, èmi ni mo sì ń bọ́ aró náà láti ìgbà náà. Ìyá Délé kò padà sídìí iṣẹ́ mọ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n ìka méjì kò ká mọ́.

Odò ẹ̀yìn ilé ọ̀hún, ẹ lọ wò ó. Kì í tilẹ̀ ṣe búlúù mọ́. Ọ̀rá àti àkísà òkìrìkà ló dí i lọ́nà, ẹ̀fọn ló ń gbé ibẹ̀.

Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti ilé ìwé gíga wá kí mi. Kẹ̀kẹ́ ló gbé e wá, ó ní kó dúró de òun. Ó mú ọ̀rá pelebe kan tí ìyẹ̀fun wà nínú rẹ̀ jáde, ó ní, "Màmá, wọ́n ti ṣàwárí aró kan lókè òkun tí kì í ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ewé ni wọ́n fi ṣe é. Ó wọ́n gan-an." Mo bù ú, mo fi omi sí i, mo fi kan ahọ́n. Mo ní, "Ọmọ yìí, ẹ̀lú ni." Ó ní, "Wọ́n ní wọ́n ṣàwárí rẹ̀ ni, Màmá." Mo bi í pé, "Ìgbà wo ló sọnù?" Inú bí mi. A sọ iṣẹ́ nù sílẹ̀, wọ́n ṣà á, wọ́n dì í sínú ọ̀rá, wọ́n ń tà á padà fún wa.

Mo mú un lọ sẹ́yìn ilé, mo ṣí ìkòkò. Ó fi ọwọ́ bo imú. Mo ní, "Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọwọ́ ló fi ń mọ èèyàn."

Èékánná ike gígùn ló lẹ̀ mọ́ ìka, pupa, ó ń dán bí kòkòrò. Ó wò ó, ó wo ìkòkò. Ó ní, "Màmá, ṣé yóò bọ́ bí mo bá fọ̀ ọ́?"

Mo ní, "Rárá."

Oníkẹ̀kẹ́ ń fọn fèrè níta. Mo ti ń gbé ọmọrí ìkòkò padà, mo ti mọ irú wọn. Ó jókòó sórí àpótí, ó fi eyín ká èékánná àkọ́kọ́ kúrò, ó jù ú sínú báàgì rẹ̀. Ó yọ ìkejì. Ó ń dùn ún, mo rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dúró títí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fi tán. Ó na ọwọ́ sí mi.

"Màmá, ọ̀tún ni àbí òsì?"

Mo ní, "Méjèèjì."